Abibou Gbálẹ̀ Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Dowa, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, tí ẹ béèrè Abibou gbẹ́nàgbẹ́nà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín kọ́ ni pé ó mọ igi í gbẹ́. Wọn yóò ní, "Àbí èyí tó máa ń gbálẹ̀ yẹn?" Gbẹ́nàgbẹ́nà pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kan ìlẹ̀kùn síni nílé tán, tí yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ gbá èérún igi, tí yóò ṣa ìṣó tó já bọ́ kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn ò pọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Abibou níṣẹ́ ló fi pàṣán kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ tí a kò bá gbálẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà ò tíì parí. Ó wá di mọ́ ọn lára. Níbi tó bá ti rí ìdọ̀tí, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa wá ìgbálẹ̀.

Ohun kejì ńkọ́? Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Abibou ń jowú. Ká má purọ́, ó ń jowú ju obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ orogún lé lórí lọ. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Rahimath, kò sì gbèrò àtifẹ́ òmíràn, nítorí agbára tí àwọn ọkùnrin mìíràn fi ń gbọ́ bùkátà ìyàwó méjì, òun ń fi ṣọ́ ẹyọ kan. Bí ẹlẹ́ja bá ta Rahimath lọ́rẹ ẹja kan, Abibou ò ní fi ẹnu kan ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnìkan fi ẹ̀rín kí Rahimath, Abibou gbọ́dọ̀ mọ ilé tí onítọ̀hún ti wá kí wọ́n tó padà délé. Rahimath a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. "Bàbá Nourhane," ni yóò wí, nítorí Nourhane ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, "owú yín yìí, ẹ ò ṣe fi kan àga, ká lè rí i jókòó lé?"

Ìyá àgbà ló tọ́ Rahimath dàgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ. Akpro-Missérété ni màmá náà ń gbé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Ìyá Akpro. Gàrí ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yan. Òun ló fún Rahimath ní oríkì, Àpèkẹ́, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Níléèwé, lọ́jà, lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Rahimath ni. Lọ́jọ́ tí Abibou wá tọrọ ọmọ, màmá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Orúkọ tí mo fi ń pè é nìyí o. Bí inú bá ń bí i, pè é bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á rọ̀. Ṣùgbọ́n má fi ṣeré." Láti ọjọ́ náà ló ti di pé èèyàn méjì ló ń pe Rahimath ní Àpèkẹ́ láyé. Nígbà tí Ìyá Akpro wá papòdà, ó ku ẹnìkan.

Abibou fúnra rẹ̀ ló mú yàrá kọ̀ǹpútà wọ inú ayé wọn, kí á má di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó wá kan tábìlì sí yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa lo kọ̀ǹpútà. Ó kan tábìlì gígùn-gígùn, ó pín wọn ní àlà àlà kí ẹnìkan má baà máa yọjú sí iṣẹ́ ẹnìkejì. Chafic ni wọ́n fi ṣe alámòójútó ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kì í dọ̀tí, tí òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Chafic mọ èèyàn í bọ̀wọ̀ fún. "Pàtírọ̀n" ló ń pe Abibou, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Benin. Nígbà tí ọ̀dà ara tábìlì kò tíì gbẹ, ó fi Abibou jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta káàdì lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣí àpò ìwé, bí wọ́n ṣe ń wọ́ ohun tí a kò fẹ́ mọ́ lọ sínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù kékeré kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ, àti bí wọ́n ṣe ń da agbọ̀n náà nù. Agbọ̀n yẹn dùn mọ́ Abibou nínú ju káàdì lọ. "Háà! Ẹ̀rọ yìí náà mọ ilẹ̀ í gbá!"

Ó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí Rahimath padà síléèwé. Rahimath ti kàwé dé ibì kan rí kó tó lọ́kọ, kó tó bímọ. Abibou ní kó lọ parí rẹ̀, pé òun ti kan tábìlì tí yóò jókòó sí. Gbogbo Dowa ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ìyàwó òun ń lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá ra ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ó ti gbọ́ ìròyìn náà kó tó gbé ibùsùn jáde.

Rahimath ò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Yàrá yẹn ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ohun àjọlò sì ní òfin. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ara ògiri. A kì í jẹun níbẹ̀, a kì í ki ohunkóhun tí a gbé láti ilé bọ ara ẹ̀rọ, nítorí kòkòrò tó ń ba iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jẹ́, ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ ni pé oníkálukú ni yóò tọ́jú kóòdù rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé sínú àpò iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi fún ẹnikẹ́ni. Ní òpin oṣù, Chafic a kó ẹ̀dà iṣẹ́ gbogbo wọn pamọ́ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n títí òpin oṣù yóò fi dé, inú ẹ̀rọ yẹn ni iṣẹ́ tuntun tí Rahimath bá ṣe ń gbé, kò sí níbòmíràn.

Ìwé àṣekágbá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mémoire, dá lórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Akpro-Missérété. Kí Ìyá Akpro tó kú, Rahimath ti jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge títí dé ọjọ́ orí àgbà. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò lè gbọ́ ọ. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, bó bá ti gbọ́ ìkọ́ màmá tó ṣáájú ọ̀rọ̀, á pa á. Ìgbà tó yá, ó ṣọkàn akin, ó jókòó sí yàrá kọ̀ǹpútà, ó ki nǹkan bọ etí, ó ń sunkún, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ títí gbogbo ọ̀rọ̀ náà fi wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, bó ti ń fa omi, fóònù bọ́ sí kànga. Gbogbo ilé káàánú rẹ̀. Òun ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ Ìyá Akpro ti wà ní yunifásítì."

Abibou kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ mémoire. Orúkọ kan ló ń gbọ́. Orúkọ náà wọ ilé wọn bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde. Chafic ló fi bí wọ́n ṣe ń to ojú ìwé han Rahimath. Chafic ló ní kó jókòó lẹ́bàá fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Chafic ní àkọlé yẹn gùn jù. Bí Rahimath bá ti ní "Chafic ní," gàrí tó wà lẹ́nu Abibou a di iyanrìn.

"Kí ló dé tí kì í pè ọ́ ní Madame?" ni Abibou bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀gbọ́n náà ti di èébú ni?"

"Ó sinmi lórí bí ẹnu ṣe pè é."

Rahimath wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá abọ́ tó ń fọ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn kò tu Abibou nínú. Tẹ́lẹ̀rí, bí ó bá jowú, Rahimath a dúró, a ṣàlàyé, a fi ọwọ́ pa á lórí. Ní báyìí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Níbo ni ọkàn náà wà? Abibou mọ ibẹ̀. Òun ló kan tábìlì rẹ̀.

Mouftaou ló wá da epo sí iná. Mouftaou ni ẹni tó ń kun ọ̀dà sí iṣẹ́ Abibou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró síbì kan. Ó ti yunifásítì dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mo rí ìyàwó yín lónìí. Òun àti ọmọ tó ń wọ funfun yẹn jọ ń wo ojú ẹ̀rọ kan. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn." Ó rí i pé ojú Abibou yí padà. Ó yára fi kún un pé, "Ẹ̀rọ náà ni kò tóbi o, ọ̀gá mi. Ojú rẹ̀ kéré."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Abibou ní kí Rahimath fún òun ní kóòdù rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé ó pọn dandan kí n fi nǹkan ṣe é? Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ wà. Mo mọ ibi tí o ń tọ́jú wúrà rẹ sí. Kí ló wá wà nínú ẹ̀rọ tí ọkọ kò gbọdọ̀ mọ̀?"

"Kóòdù dà bí pákò tí a fi ń rin ẹnu, Bàbá Nourhane. Ọkọ àti aya kì í jọ lo ẹyọ kan. Òfin ibẹ̀ ni. Bí mo bá fún yín, tí wọ́n sì mọ̀, wọ́n á lé mi jáde. Chafic ní…"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun sọ ọ́. Abibou dìde, ó lọ sí ìta, ó dúró síbẹ̀ títí tí ẹ̀fọn fi jẹ ẹ́ tó. Òjòwú kì í lẹ́ran lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣòkòtò Abibou bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí, ó sì ń purọ́ fún àwọn èèyàn pé ooru ló fà á.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Chafic pè é pé ẹsẹ̀ tábìlì kan ti ń mì, tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Abibou gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ìrun kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jáde, Chafic mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Pàtírọ̀n, ẹ ò ní lọ kírun ni?"

"Máa lọ, àbúrò. Mo fẹ́ kí igi yìí lẹ̀ mọ́ra kí n tó gbéra. Màá kí tèmi ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀bá títì."

Chafic wo àkókò, ó wo òfin ara ògiri, ó wo Abibou. Ẹni tó kan tábìlì, ta ni yóò ní kó kúrò nídìí tábìlì? Ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Abibou tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe, kò pẹ́ tó fi parí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga. Àga tí Rahimath máa ń jókòó lé nìyẹn. Ó tan ẹ̀rọ, orúkọ Rahimath sì jáde lójú rẹ̀, kóòdù ló kù. Ó tẹ orúkọ Nourhane. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó ronú díẹ̀, ó wá tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ìyẹn náà. Ó dùn ún dé egungun. Ó fẹ́ dìde, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń tẹ lẹ́tà mìíràn kí ọkàn rẹ̀ tó pinnu. *Apeke*, láìsí àmì lórí.

Ìlẹ̀kùn àpò iṣẹ́ náà ṣí.

Ká ní Abibou ní làákàyè lọ́jọ́ náà ni, ibẹ̀ ni ì bá ti padà sẹ́yìn. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń fi orúkọ tí òun nìkan ń pè é ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, tó tún ń wá ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn, kí ni ká ti pe irú wọn? Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Lẹ́yìn náà ló rí àpò ìwé kan lójú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ CHAFIC sí.

Ó ṣí i. Faransé ló wà níbẹ̀, ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Létí ìwé ni wọ́n ti fi pupa kọ ọ̀rọ̀ ṣókí ṣókí. Abibou kàwé mọ níwọ̀n, ó rí "Très bien, grande sœur!" Ó dára gan-an, ẹ̀gbọ́n! Ó rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì. Inú pupa yẹn ló ti gbọ́ ohùn Chafic, tó gbóòórùn lọ́fínńdà rẹ̀. Kò kà á síwájú mọ́. Ká ní ó kà á dé òpin ni, ì bá ti bá orúkọ Ìyá Akpro pàdé níbẹ̀.

Ó mú orúkọ CHAFIC, ó wọ́ ọ jù sínú agbọ̀n. Bí ó bá fi í sílẹ̀ sínú agbọ̀n yẹn, gbogbo nǹkan ì bá ṣeé tún ṣe, Rahimath ì bá kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó mú un jáde. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ẹni tí Abibou í ṣe. Agbọ̀n tó kún kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó da agbọ̀n nù. Ó pa ẹ̀rọ. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá èérún igi abẹ́ tábìlì, ó ṣa ìṣó. Nígbà tí Chafic ti mọ́ṣáláṣí dé, yàrá náà mọ́ tónítóní.

"Allah á san yín lẹ́san, Pàtírọ̀n," ni Chafic wí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń ṣiṣẹ́ báyìí."

Ọjọ́ Ajé ni Rahimath wọlé tí kò tú ìborí, tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Abibou béèrè ohun tó ṣe é, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Wọ́n ti kó iṣẹ́ mi lọ. Àpò tí mo fi fún Chafic pé kó bá mi wo bí mo ṣe tò ó. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Chafic rí ẹ̀dà tó kó pamọ́ ní òpin oṣù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Akpro kò tíì sí nínú ìyẹn. Ohùn màmá, Bàbá Nourhane. Kò sí níbì kankan mọ́."

Abibou kò mọ̀ pé ohùn màmá ló wà nínú àpò yẹn. Chafic ló rò pé òun ń sọ nù. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kó ṣubú lulẹ̀, kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí owú ti ń gbé kì í fi òótọ́ ṣáájú. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣebí Chafic ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀?"

Rahimath gbójú sókè, ó wò ó.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ìrántí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Wọ́n rí i pé ọ̀sán Jímọ̀ ni ẹnìkan ṣí àpò Rahimath, nígbà tí gbogbo ayé wà ní mọ́ṣáláṣí, nídìí ẹ̀rọ ẹ̀bá fèrèsé, kóòdù tó tọ̀nà ló sì fi wọlé. Àwọn alákòóso pe Chafic. Ta ló fi sínú yàrá? Chafic ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó ń tún tábìlì ṣe. Wọ́n ní ṣé gbẹ́nàgbẹ́nà ló mọ kóòdù akẹ́kọ̀ọ́? Wọ́n ní kí òun tó ń tọ́jú ibẹ̀ lọ wá ẹni tó ṣe é jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ni wọn yóò dá ẹ̀bi fún, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí ìwádìí yóò fi parí, wọn ò ní gba mémoire Rahimath wọlé. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó lè dúró níwájú àwọn olùkọ́.

Rahimath sọ gbogbo èyí fún Abibou nígbà tó ń bu oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan, láìwo ojú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ni ìmáàmù mọ́ṣáláṣí ẹ̀bá títì wàásù lé lórí?"

"Ó… ó wàásù lórí sùúrù."

"Ó dára." Ó gbé abọ́ síwájú rẹ̀. "Chafic bi mí ta ló mọ kóòdù mi. Mo ní kò sí alààyè kan tí mo sọ ọ́ fún. Òótọ́ ni mo sọ."

Abibou mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó wúwo níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó dá a dúró? Kì í ṣe ìbẹ̀rù àwọn alákòóso. Chafic ló rò. Ó rí i lọ́kàn bí Chafic yóò ṣe gbọ́ pé Pàtírọ̀n wá ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, bí yóò ṣe fi ẹnu yẹn rẹ́rìn-ín sínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, bóyá níwájú Rahimath pàápàá. Ó yá Abibou lára kí wọ́n pe òun lólè ju kí Chafic fi òun rẹ́rìn-ín lọ. Ó gbé òkèlè mì, ó bu òmíràn.

Ní òwúrọ̀, Rahimath ní kó fi alùpùpù gbé òun lọ síléèwé. Abibou dúró lábẹ́ igi máńgòrò, Rahimath sì wọ ọ́fíìsì lọ. Ó pẹ́ kó tó di pé ẹnìkan jáde. Chafic ni. Bí ó ti ń bọ̀, Abibou fún ọwọ́ alùpùpù mọ́ra.

Chafic tẹríba, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Pàtírọ̀n, Allah á dá yín sí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́."

"Dúpẹ́ kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ti ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ló fún yín ní kóòdù, pé kẹ́ ẹ bá àwọn wo nǹkan kan nínú àpò yẹn, pé ọwọ́ yín ló ṣì. Ẹ má bínú o, àwọn alákòóso ti dá ẹ̀gbọ́n lẹ́bi. Ẹni tó bá fi kóòdù rẹ̀ fúnni kò ní fojú kan yàrá kọ̀ǹpútà mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Wọ́n sì ní kẹ́yin náà má wọlé síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi mí sílẹ̀, wọ́n á sì gba mémoire ẹ̀gbọ́n." Ó nu ojú. "Mo ní ìyá tí mò ń bọ́, Pàtírọ̀n. Ẹ ti gbà mí."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Abibou wá ẹ̀rín lójú rẹ̀, kò rí i, ìyẹn náà tún bí i nínú. Kódà ọpẹ́ ọmọ náà mọ́, kò ní èérún kankan. Owú kì í tán nínú ẹni nítorí pé a ti mọ̀ pé a jẹ̀bi. Abibou jowú àforíjì tí Chafic ń fún un láìmọ̀ pé òun ń fún un ní nǹkan kan. Ó sì jowú pé nítorí Chafic ni Rahimath ṣe gba ìtìjú náà, ó fẹ́ kó jẹ́ nítorí òun nìkan.

Ilé ni Rahimath ti parí iṣẹ́. Ó ń fi bírò kọ ọ́ sí ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carine, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, ń gbà á lọ síta lọ tẹ̀. Abibou kan tábìlì kan fún un, igi tíìkì, ó fá a títí ó fi ń dán. Rahimath dúpẹ́. Orí ẹní ló ti ń kọ̀wé. Tábìlì wà níbẹ̀, Nourhane ló ń fi bèbí rẹ̀ sí i.

Yàrá kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ní kí Rahimath wá gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti lè gbé àwòrán sára ògiri. Ọjọ́ kan péré nìyẹn tí wọ́n gbà kó tún wọ ibẹ̀. Wọn ò gba Abibou láàyè. Ó wọ agbádá, ó dúró síta lójú fèrèsé bí ẹni tó wá gba ìlẹ̀kùn tó ti bàjẹ́. Ó rí tábìlì rẹ̀. Ó rí ìyá ọmọ rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Ó rí Chafic lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń yí àwòrán padà, gbogbo ìgbà tí Rahimath bá mi orí sí i, àwòrán tuntun a yọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn, wọn ò tilẹ̀ wo ara wọn. Síbẹ̀, Abibou ń jowú. Ibi tó yẹ kí òun wà ni ọmọ yẹn wà, òun náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ní ìparí, olùkọ́ kan béèrè ìdí tí orí ìwé tó kẹ́yìn fi kúrú bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà mi ló yẹ kó wà níbẹ̀," ni Rahimath fi Faransé sọ, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete dé ojú fèrèsé. "Mo ti ń sapá láti rántí rẹ̀. Ohun tí mo kọ yìí ni mo rántí. Èmi ló yẹ kí n tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Wọ́n fún un ní máàkì tó dára gan-an. Àwọn èèyàn hó, Carine dì mọ́ ọn, àwọn ọ̀rẹ́ ya fọ́tò. Abibou dúró ti alùpùpù rẹ̀ títí Rahimath fi jáde wá bá a, ìwé lọ́wọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè rọ inú. Ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí.

"Àpèkẹ́," ló wí. "Àpèkẹ́ mi. Dárí jì mí."

Rahimath to ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó pa ẹnu báàgì dé.

"Ìyá Akpro ló fún mi lórúkọ yẹn. Ó fi í lé yín lọ́wọ́, ó ní kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Nígbà tó kú, mo rò ó pé, ẹnu kan ṣì kù tí màá ti máa gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ti ìlẹ̀kùn mi. Ẹ fi wọlé, ẹ fi gbá màmá dànù." Kò pariwo. "Mo ti forí jì yín, Bàbá Nourhane. Àmọ́ ẹ má fi pè mí mọ́."

Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù. Tẹ́lẹ̀, ìbàdí Abibou ló máa ń dì mú. Irin ẹ̀yìn ìjókòó ló dì mú lọ́jọ́ náà. Chafic ń juwọ́ sí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Abibou rí i, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan láti jowú lára ọmọ náà. Òun àti Chafic ti di ọgbọọgba, Rahimath ni àwọn méjèèjì ní láti máa pè é.

"Rahimath," ló wí, orúkọ náà sì ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀, "ṣé o ti jókòó dáadáa?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Rahimath dáhùn.